Omi Ewé Òkun Tí Mo Dà Nù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé iṣẹ́ wo ni Ràfátù ará Ìlódè ṣe títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ẹ sọ fún un pé eku ni mo tọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko. Kì í ṣe eku àjà tó ń gé yín láṣọ o, kì í sì í ṣe òkété tí ẹ ń fi jẹ iyán. Eku funfun olójú pupa ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń dán oúnjẹ àti oògùn wò kí ó tó kan ọmọ ènìyàn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń wá. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín kí ẹ tó pinnu.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ilé ìwádìí kan ní Ifẹ̀ níbí, tí n kò ní dárúkọ, ń wá ẹni tí yóò máa gbá ilé eku. Aládùúgbò wa kan mú mi lọ, wọ́n wò mí lókè wò mí nílẹ̀, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù náà kéré, ó sì máa ń dé nígbà tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Bàbá Fátókí, ọmọ bíbí Ìpetumodù, ni ọ̀gá mi. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti di ìgbálẹ̀ mú, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé àpótí kan síwájú kéèjì tí àwọn eku kan wà nínú rẹ̀, ó ní, "Jókòó. Máa wo àwọn eku yìí títí n ó fi dé."

"Kí ni kí n wò lára wọn, sà?"

"Àwọn fúnra wọn."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn ti kan àtàrí kó tó padà wá. "Kí lo rí?"

"Eku mẹ́fà ni mo rí, sà."

"Padà jókòó."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú kéèjì yẹn. Mo sunkún, mo ní ṣé wèrè ni wọ́n fi mí fún ni. Lọ́jọ́ kẹta, mo sọ fún un pé ọ̀kan máa ń mu omi kó tó jẹun, pé èyí tí etí rẹ̀ ya ló ń lé àwọn tó kù kúrò nídìí oúnjẹ, pé ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀ tí kì í jẹun àfi bí gbogbo wọn bá yó, àti pé ẹ̀yìn òun nìkan ni irun ti ń re. Bàbá kò yìn mí. Ó kàn na ìgbálẹ̀ sí mi, ó ní kí n máa gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbọ́ pé ọmọ ilé ìwé gíga mẹ́ta ló ti jókòó síwájú kéèjì náà rí tí wọn kò rí irun tó ń re.

Ó le, ó le, ó le. Ọjọ́ kejì ọdún Iléyá kan, mo wọ́n lọ́fínńdà sára, mo dé ibi iṣẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. "Ràfátù, kí lò ń rùn yìí?"

"Ọdún ni a ṣe, sà."

"Eku kì í ṣọdún. Lọ wẹ̀."

Mo wẹ̀, ó gbóòórùn mi, ó ní kí n tún lọ wẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ dúdú bó ara mi lọ́jọ́ náà. Ó ṣàlàyé fún mi nígbẹ̀yìn pé òórùn àjèjì máa ń dẹ́rù ba eku, ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ó jẹun, bí kò bá sì jẹun, ẹni tó ń ṣèwádìí oúnjẹ yóò kọ irọ́ sínú ìwé láìmọ̀. Mo ti fẹ́ bínú kúrò níbi iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Àtìgbà tí mo gbọ́ àlàyé yìí ni mo ti fẹ́ràn bàbá náà. Gbogbo ohun tó ń ṣe ló nídìí, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó sọ ìdí ni.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Kéèjì onípákó tí eku ń fi eyín họ ni mo bá níbẹ̀, ìyẹ̀ pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi ni à ń tẹ́ sínú rẹ̀. Kéèjì oníke ló dé lẹ́yìn náà. Òṣùwọ̀n àtijọ́ ńkọ́? Èyí tí a máa ń to irin wẹ́wẹ́ sí lápá kan, tí eku á jókòó lápá kejì. Kí o tó to irin tán, eku ti fò sí ọ lápá! Nígbà tí òṣùwọ̀n oníbátìrì dé, tí nǹkan ń hàn lójú rẹ̀ wàrà, Bàbá Fátókí wò ó fún ìgbà pípẹ́. Odindi oṣù kan ló fi ń wọn eku kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, lórí ti àtijọ́ àti lórí tuntun, kó tó gbà pé àjèjì náà kì í purọ́. Oúnjẹ eku náà, inú odó la ti ń gún un tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ odó, bí iná ìjọba bá wà.

Nígbà tó yá, Bàbá fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìpetumodù lọ dáko. Èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo wá di ẹni tó ń lé àwọn ẹlòmíràn lọ wẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní Màmá Eku, inú mi sì ń dùn sí i. Ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀, a máa yọ mí lẹ́nu pé ológbò kankan kò lè ya ilé wa láéláé, nítorí pé ẹ̀rù mi ń bà wọ́n.

Ó ku bí ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí Títílayọ̀ dé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun, ó sì ti ń kàwé láti gba oyè ọ̀mọ̀wé láti bí ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ sanra débi pé ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Láti orí ibùsùn ló ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tó gbé Títí dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ó ní ewé kan wà nínú òkun lọ́dọ̀ wọn, ìgbì a máa gbé e wá sí èbúté ní òkìtì òkìtì, àwọn apẹja a máa ṣépè fún un nítorí pé ó ń dí àwọ̀n wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewé náà lè ran ènìyàn lọ́wọ́, kí ọ̀rá inú oúnjẹ má baà sọ ọ́ di àsanjù. Ó fi ewé náà hàn mí. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ní hóró róbótó róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ní, "Títí, nínú gbogbo ewé tó wà nílẹ̀ Yorùbá, inú omi iyọ̀ lo lọ já tìrẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ láti ọ̀run, mi ò ní purọ́.

A pín eku sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń jẹ oúnjẹ eku lásán. Àwọn kan ń jẹ oúnjẹ tí a po ọ̀rá ẹran, ṣúgà àti mílíìkì mọ́. Ọ̀nà méjì tó kù ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá yìí kan náà, ṣùgbọ́n a po ewé òkun mọ́ ọn, díẹ̀ fún àwọn kan, púpọ̀ fún àwọn kejì. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni a ó fi fún wọn, àràárọ̀ ni a ó máa wọ̀n wọ́n. Nígbà tí Títí gbé àpò ewé náà dé, ó fẹ́ sáré lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kan. Ó ní, "Màmá Eku, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe kó mọ́ dáadáa, kí ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́."

Ẹ gbọ́ o. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ifẹ̀ bí a ṣe ń tún ewé ṣe? Yanrìn wà lára ewé náà, ìkarahun wà níbẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Mo gbé ọpọ́n sídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣe bismillah, mo sì fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ ewúro. Mo bó o, mo fún un, mo dà á, mo tún bu omi mìíràn. Mo tiẹ̀ da omi gbígbóná lé e lórí. Ó di omi karùn-ún kí ó tó dẹ́kun yíyọ̀, tí omi ọpọ́n náà fi mọ́ gaara. Mo sá a, ó gbẹ, mo lọ̀ ọ́, ó kúnná. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé, "A sá a, a lọ̀ ọ́." Fífọ̀ kò wá sí mi lọ́kàn láti kọ. Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fọ ewé kí òun tó sè é? Gbogbo àpò tí Títí gbé wá lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wọ́n.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, àwọn eku tó jẹ ewé sanra bí àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ikùn wọn ń wọ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ Títí sọ́nà pe gbogbo wa jọ, ó ṣí ìwé iṣẹ́, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó ń wá ibi tí àṣìṣe wà. Ó kà á pé, "A sá a, a lọ̀ ọ́." Mo rí ọpọ́n yẹn lójú mi, mo rí omi pupa tó ń fà bí ilá. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìwé dé, ó ní, "Títílayọ̀, ewé yìí kò lágbára kankan. Àkókò rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilé ìwé kò sì ní fún ọ láyè láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ náà yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Títí kò sunkún. Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo ń fọ ewúro tí a ó fi jẹun. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọkọ mi bojú wo inú abọ́, ó ní, "Ìyá Sàkírù, ó tó o! Bí o bá fọ kíkorò rẹ̀ tán, kí ló kù tí a ó jẹ? Koríko?" Àwàdà ló ń ṣe. Èmi ni n kò lè gbé ọwọ́ mi kúrò nínú omi mọ́. Ìtìjú bá mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo rò ó pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo rò ó pé ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, pé kò sẹ́ni tó tíì ká àṣìṣe mọ́ mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, pé àwọn tí mo ti ń lé lọ wẹ̀ yóò wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìpetumodù. Mo bá Bàbá Fátókí níbi tó ti ń tú ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ó sọ fún mi pé kí n panu mọ́.

Ó ní, "Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́nìkan, sà."

"Ọmọ yẹn ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Wọ́n máa ní kó máa lọ sílé, sà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. O ti fi owó mọ́tò ṣòfò, Ràfátù. Nínú ilé rẹ lo ti mọ ohun tí mo máa sọ."

Mo ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó tẹ̀ lé mi, bóyá wọ́n á fojú àánú wò mí nítorí tirẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní èmi nìkan ni mo gbé omi náà dà nù, n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi gbé e. Ó bu ẹ̀gẹ́ fún mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá ọ̀jọ̀gbọ́n àti Títí ní ọ́fíìsì. Títí ń fọwọ́ sí ìwé tí yóò fi sọ pé òun jáwọ́. Mo ní, "Ẹ dúró. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fọ ewé náà bí ewúro. Omi márùn-ún. Gbogbo ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ ni mo dà nù." Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀. Títí gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí.

"Lánàá, nígbà tí wọ́n ń kà á, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó dìde, ó jáde. Òtítọ́ korò, gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bó ṣe korò tó àfi ọjọ́ yẹn. Ìbá sàn fún mi kí ó gbá mi létí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá. Ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ ti fún wa ní eku tó jẹ ewé tí a fọ yíyọ̀ rẹ̀ nù. Bí a bá wá wá àwọn tó jẹ èyí tí a kò fọ̀ ńkọ́, tí a fi wọ́n wé ara wọn?" Ó kọ̀wé sí ilé ìwé, wọ́n fi oṣù mẹ́rin kún àkókò Títí. Wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ sí èmi náà, ó tọ́ sí mi.

Títí lọ kó ewé tuntun wá. A gbọn yanrìn rẹ̀ nù, a ṣa ìkarahun, a fi omi díẹ̀ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré, a sá a pẹ̀lú yíyọ̀ rẹ̀. Títí dúró tì mí ní gbogbo àkókò náà, ó ń kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá ṣe. Kò ṣe àfojúdi sí mi rí. "Ẹ káàárọ̀ mà," "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ọ̀rọ̀ parí. Èmi tí mo ti ń bá a jẹ gúgúrú láti inú àpò kan náà! Ó dùn mí wọ eegun, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ ẹ́ jù. Iṣẹ́ ni mo fi bẹ̀ ẹ́. N kò pa ìwọ̀n kan jẹ, n kò sì pẹ́ lọ́jọ́ kan.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni òṣùwọ̀n ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn eku tó jẹ ewé pẹ̀lú yíyọ̀ rẹ̀ ń sanra, àmọ́ wọn kò sanra tó àwọn tó jẹ ọ̀rá lásán, ara wọn sì yá gágá. Títí wọn ọ̀kan, ó tún un wọ̀n. Ó wo ojú òṣùwọ̀n, ó wo ojú mi, ó sì dì mọ́ mi pẹ̀lú eku lọ́wọ́. Mo ní kí ó rọra o, eku náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rín pa wá, ẹkún sì gbọ̀n wá.

Ẹ má tìtorí èyí sáré lọ sí etí òkun lọ ṣa ewé jẹ o. Eku la fún, a kò tíì fún ènìyàn, òkun sì lè fi májèlé sára ewé rẹ̀. Ọ̀nà ṣì jìn. Ohun tó wú mi lórí ni ìfaradà ọmọ náà. Ó mú ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣépè fún, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó lè ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán Títí wò kẹ́yìn, mo jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, mo ń ka tẹ̀síbáà mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti wá láti yunifásítì mìíràn láti bi í ní ìbéèrè, wọ́n sì ní bàbá náà kì í fojú fo nǹkan. Mo ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé inú ohun tó ń yọ̀ yẹn ni agbára ewé wà. Títí lè sọ pé òye òun ló gbé òun débẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun kò mọ̀, pé ìyá tó ń tọ́jú eku ló fọ̀ ọ́ dà nù, òun náà ló sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́wọ́. Bàbá náà ní báwo gan-an ni ìyá náà ṣe fọ̀ ọ́, nítorí pé bí kò bá sí ìyẹn nínú ìwé, ẹlòmíràn kò ní lè tún iṣẹ́ náà ṣe, òun kò sì lè fọwọ́ sí i. Títí ní, "N kò sí níbẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n wọlé."

Mo wọlé. Ọ̀mọ̀wé márùn-ún jókòó yí tábìlì ká, èmi oníwèé mẹ́fà dúró láàárín. Mo béèrè ọpọ́n, kò sí. Wọ́n da bisikíìtì kúrò nínú abọ́ kan, wọ́n bu omi sí i, Títí gbé ẹ̀kúnwọ́ ewé kan fún mi. Mo ká apá aṣọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, mo ń fún un, mo sì ń sọ ohun tí mò ń ṣe. Bàbá tó wá láti òkèèrè náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó yọ bírò.

"Ẹ dúró díẹ̀, mà," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn. Ìgbà tí ẹ fún un yẹn, ṣé ẹ rọra fún un ni àbí ẹ fi agbára sí i?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo lò nínú ilé yẹn. Ọjọ́ náà ni ọ̀mọ̀wé kan kọ́kọ́ bi mí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi.